Ìjàpá Di Kọmíṣọ́nà Omi

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò dá lórí ẹnikẹ́ni tó ń gbé nítòsí ibí. Ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Erin, ó dá lórí kànga kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀dá dá nílùú àwọn ẹranko. Odò gbẹ, àbàtà gbẹ, ìrì pàápàá kò sẹ̀ mọ́. Àwọn ẹranko kóra jọ, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká gbẹ́ kànga. Ẹkùn gbẹ́. Àgbọ̀nrín gbẹ́. Òkété, tó jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ́ ni iṣẹ́ baba rẹ̀, gbẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ọjọ́ méje ni kò fi rí oòrùn. Ìjàpá nìkan ni kò gbẹ́. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀yìn tí òkúta kò lè fọ́! Wọ́n gbẹ́ ẹ títí wọ́n fi kan omi. Ẹ ti mọ àlọ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ibi tí ẹ̀yin máa ń parí rẹ̀ sí ni èmi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Ìgbà ìbò dé. Erin àti Kìnnìún jáde du ipò gómìnà. Òkété wà nínú ihò, ó ń tún etí kànga ṣe. Ìjàpá wà lójú agbo. Òun ló ń lé orin fún Erin. Òun ló ń bú Kìnnìún lórí rédíò. Lọ́jọ́ ìbò, òun ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, tó ń fi owó ẹyọ sí àtẹ́lẹwọ́ olùdìbò: dìbò, kóo se ọbẹ̀. Ewúrẹ́ gbowó, ó se ọbẹ̀. Àgùntàn gbowó, ó se ọbẹ̀. Kí wọ́n tó lá ìka tán, Erin ti wọlé.

Erin jókòó, ó ń pín ipò. Gbogbo ìlú gbà pé Òkété ni yóò mójú tó omi. Erin tú ìwé, ó kà á: “Kọmíṣọ́nà fún ọ̀rọ̀ omi, Ìjàpá.”

Ajá ní, “Ọlọ́lá jùlọ, ṣé Ìjàpá tí kò bá wa gbẹ́ kànga náà ni?”

Erin ní, “Ẹni tó gbẹ́ kànga ń mu omi ibẹ̀. Ẹni tó gbé mi dórí àga ńkọ́, kí ni kó mu?”

Ajá dákẹ́.

Òfin àwọn ẹranko kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìwé òfin ọdún 1999 tí àwọn ọmọ èèyàn kan ń lò. Gómìnà ni yóò fi orúkọ kọmíṣọ́nà ránṣẹ́ sílé aṣòfin. Ilé aṣòfin ni yóò yẹ ẹni náà wò. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ iṣẹ́ 21 dákẹ́, a jẹ́ pé wọ́n ti gbà á. Kọmíṣọ́nà kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kéde dúkìá rẹ̀, kó tó búra. Òfin tó dára ni. Èmi kò ní kò dára.

Ìjàpá gba ìwé ìkéde dúkìá, ó kọ ọ́ síbẹ̀: ilé kan, ẹ̀yìn mi ló wà. Ó wo ìwé náà, ó rí i pé àyè ṣì kù. Ó bá ń kọ ọ́ lọ: ilé méje létí òkun, oko obì mẹ́ta, abà ẹ̀wà mẹ́wàá, àti ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí kò níye. Yánníbo yọjú lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá wọn, ìgbà wo la ra gbogbo èyí?”

Ìjàpá ní, “A kò tíì rà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá ń lọ, wọn yóò bi wá pé níbo la ti rí i. A ó ní kí wọ́n lọ wo ìwé. A ti ní in ká tó dé.”

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ìkookò ni abẹnugan ilé. Ìjàpá wọlé, agbádá ń wọ́ nílẹ̀. Gbogbo ilé pa kẹ́kẹ́. Ehoro nìkan ló gbé etí sókè. Ó ní, “Alàgbà, níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí à ń gbẹ́ kànga?”

Ìkookò fi òòlù gbá tábìlì. “Ẹni wa ni! Kò sí pé à ń bi í. Ẹ tẹrí ba, kí ẹ máa lọ.”

Ìjàpá, tí orí rẹ̀ kò jìnnà sílẹ̀ rí, tún un tẹ̀ díẹ̀. Àyẹ̀wò parí. Ẹni tí wọ́n ń pè ní “ìwọ Ahun” láàárọ̀ ti di “ẹ̀yin Ọlọ́lá” lálẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, agbọ̀n ọ̀dùnkún kan dé ẹnu ọ̀nà Ehoro. A kò mọ ẹni tó gbé e wá. Ohun tí a mọ̀ ni pé Ehoro kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé yẹn.

Láti ọjọ́ náà lọ, Ìjàpá kò fẹsẹ̀ rìn mọ́. Ẹfọ̀n ló ń gùn. Ọ̀wàwà ló ń ké níwájú, kí ọ̀nà lè là. Ìgbín, tí wọ́n ti jọ ń rìn láti kékeré, rí i lọ́nà, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi!” Kó tó pe “mi” tán, Ìjàpá ti kọjá. Ìjàpá ló yára kọjá o. Ẹ bá mi wo ayé.

Ó bọ́ sójú ọjà, ó gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ gbé agbè yín, ẹ bọ́ síta
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*
Omi ń bọ̀, ó ti dójú ọ̀nà
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*
Ìjàpá ló ní kẹ́ ẹ dúró dè é
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*
Ẹni tó bá bínú, kò fẹ́lùú
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*

Ohùn yín kò tíì ròkè, àfi bí ẹni pé ẹ ti mumi yó. Ẹ ó tún gbè é.

Lọ́jọ́ kẹta tó gorí àga, Ìjàpá lọ wo kànga. Omi kún un, ó mọ́ gaara. Ìjàpá mi orí.

“Kànga yìí ti gbó.”

Òkété ní, “Ọlọ́lá, kò tíì pé ọdún kan.”

“Ilé ẹ̀kọ́ wo lẹ ti kọ́ nípa omi?”

Òkété wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún amọ̀. Kò lè fèsì.

Ìjàpá ní òun fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi lókè òkun. Ó kó ogún ẹranko lẹ́yìn, ìyàwó àti àbúrò ìyàwó wà nínú wọn, wọ́n lọ sílùú Ràkúnmí, láàárín aginjù. Oṣù kan gbáko ni wọ́n lò. Ràkúnmí gbà wọ́n lálejò, ó sì kọ́ wọn ní ohun tó mọ̀, ìyẹn ni bí ẹ̀dá ṣe lè pẹ́ gan-an kó tó mu omi. Ìjàpá kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó sọ ọ́ lórí rédíò, ó ní ọgbọ́n tuntun tí àwọn rí mú bọ̀ nìyẹn, kí aráàlú máa fi í ṣèwà hù.

Owó ìrìn àjò ti jẹ nínú àpò ìjọba. Wọ́n wá yáwó lọ́dọ̀ Àbùùbùtán, ẹ̀dá ńlá inú òkun. Àbùùbùtán ní, “Ta ni yóò san án?” Ìjàpá ní, “Àwọn ọmọ tí Ehoro kò tíì bí.” Ẹ mọ̀ pé Ehoro kì í pẹ́ bímọ. Erin fọwọ́ sí ìwé.

Iṣẹ́ àtúnṣe kànga bọ́ sọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Níwájú ìgbìmọ̀ aláṣẹ, Ìjàpá búra pé òun náà kò mọ̀ ọ́n. Yánníbo ni. Orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi kọ ìwé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ àwọn ọmọ èèyàn ń ṣe òfin lórí iṣẹ́ àgbàṣe lọ́dún 2007, wọ́n ní owó tí agbaṣẹ́ṣe yóò kọ́kọ́ gbà kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Ìjàpá ka 15 láti ẹ̀yìn wá, ó rí i pé ó di 51. Ó ní kò tíì tó. Ó sọ ọ́ di 90. Wọ́n san 90.

Yánníbo ra ìdérí kan. Ó ra àgádágodo kan. Ó de kànga, ó tì í pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí abẹ́ ìró. Ó gbé pátákó kan dúró: IṢẸ́ Ń LỌ LỌ́WỌ́, Ẹ ṢE SÙÚRÙ. Iṣẹ́ parí síbẹ̀.

Tó bá di òru, àwọn Ọ̀bọ yóò wá, Yánníbo yóò ṣílẹ̀kùn kànga, wọn yóò pọn omi títí àkùkọ yóò fi kọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn Ọ̀bọ kan náà ni mẹ́ruwà tí ń ké kiri àdúgbò: “Omi rèé o! Omi tútù!” Agbè kan, owó ẹyọ 10. Nígbà tó yá, ó di 20. Nígbà tí oòrùn mú, ó di 50. Omi tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ni wọ́n ń rà. Ewúrẹ́ ta ìwo rẹ̀ kan. Ọbẹ̀ tó sè lọ́jọ́ ìbò ti tán tipẹ́, ata rẹ̀ ló kù lọ́nà ọ̀fun.

Ọdún kẹrin sún mọ́lé. Ìbò ń bọ̀. Erin ní kí Ìjàpá fi iṣẹ́ han aráàlú. Ìjàpá gbé ẹ̀rọ omi kan dúró sójú ọjà. Pátákó tó wà lórí ẹ̀rọ náà ga ju ẹ̀rọ lọ. Àwòrán Erin wà níbẹ̀, àwòrán Ìjàpá wà níbẹ̀, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ògiri ni Alángbá àti àwọn ọmọ rẹ̀ fara pamọ́ sí, wọ́n to agbè omi jọ, wọ́n ń retí. Erin yí ẹnu ẹ̀rọ. Alángbá da agbè sínú páìpù. Omi tú yàà! Ìlù sọ. Erin mu, ó yó. Adìyẹ mu díẹ̀, ó gbójú sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Erin gun ọ̀nà padà. Igbe Ọ̀wàwà kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ náà hó fúú, ó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ló ń jáde níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni ìrónilágbára. Ìjàpá pín agbè fún aráàlú, agbè tuntun, wọ́n fín ojú Ìjàpá sára gbogbo rẹ̀. Omi kò sí nínú rẹ̀ o. Agbè nìkan ni. Àwọn tó gbà á dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fi Ìjàpá joyè Olómitútù, wọ́n rán ankárá. Ó tún gbé orin, ẹ má jẹ́ kó dá nìkan lé e:

Erin mumi, Erin yó
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*
Agbè tuntun ló tọ́ sí yín
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*
Ẹ wojú rẹ̀, ẹ má wonú
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*
Ọdún mẹ́rin kejì lomi ń bọ̀
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*

Òkété kò sí lójú agbo. Inú ihò ló wà, bó ṣe máa ń wà. Lóru, ó gbọ́ tí nǹkan ń dún lábẹ́ ilẹ̀: gbólóhùn, gbólóhùn. Ó mọ ohùn yẹn. Ohùn agbè tó ń bọ́ sómi ni. Ó gbẹ́lẹ̀ lọ sápá ibẹ̀, ó yọ imú lára ògiri kànga, ó rí Yánníbo tó gbé fìtílà lọ́wọ́, tó ń ka owó. Ilẹ̀ mọ́, ó sọ fún Ajá. Ajá gbó o dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Wọ́n ní Erin ń sùn. Wọ́n lọ lọ́jọ́ kejì, Erin ń ṣèpàdé. Wọ́n lọ lọ́jọ́ kẹta, Erin lọ gba ìtọ́jú lókè òkun.

Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà láàárín Erin àti Ìjàpá tí kò sí nínú ìwé kankan. Nínú agbè mẹ́ta tí wọ́n bá tà, owó méjì ti Erin ni. Lóṣù kan, owó ẹyọ kan ló wá. Ìjàpá ní ọjà kò yá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Erin gbọ́ igbe aráàlú. Etí Erin tóbi, gbogbo wa la mọ̀. Ìpín tó bá dín ló ń ṣí i.

Erin ní òun kò ní fàyè gba ìwà ìbàjẹ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Ìkookò ni alága. Wọ́n ní, “Ìjàpá, mílíọ̀nù 36 owó ẹyọ wà nínú àpótí ọ́fíìsì rẹ. Níbo ló wà?”

Ìjàpá ní, “Ejò gbé e mì.”

Ejò ká jọ sí igun kan, ó wá wòran ni. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó nà tàntàn. “Èmi kẹ̀? Eku kan ni mo jẹ láti àná! Inú mi rèé, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò!” Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Eku kan ni.

Ìjàpá rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ́yìn yọ. Ó kọjú sí ìgbìmọ̀. “Ó dáa. Ta ni nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí tí kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Alága, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ lórí yín?”

Ìkookò fò dìde. “Ẹ pa máìkì rẹ̀! Mo ní ẹ pa máìkì rẹ̀!”

Wọ́n pa á. Ni Ìjàpá bá dákú. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ó ranjú kalẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n ń kígbe pé ẹ bu omi wá, ẹ wọ́n ọn sí i lójú. Omi kò sí.

Ẹjọ́ dé kóòtù. Òwìwí ni adájọ́. Ó ní, “Ìjàpá, ṣé o jẹ̀bi àbí o kò jẹ̀bi?” Ìjàpá fa orí wọlé. Odídẹrẹ́, agbẹjọ́rò rẹ̀, dìde: “Olúwa mi, ọrùn ń ṣe oníbàárà mi. Kò lè jáde. Ẹni tí orí rẹ̀ kò sí níta kò lè jẹ́jọ́.” Òwìwí wo ìwé òfin, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sún ẹjọ́ síwájú. Nígbà tí wọ́n tún padà, wọ́n fi aṣọ funfun wé ọrùn Ìjàpá, ẹranko mẹ́rin ló gbé e wọlé lórí àga. Wọ́n tún sún un síwájú. Nígbà kẹta, fáìlì ti sọnù. Nígbà kẹrin, wọ́n ti gbé Òwìwí lọ sí igbó mìíràn, adájọ́ tuntun ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn wọ́n dúnàá dúrà: Ìjàpá dá agbè kan padà, wọ́n ní kó máa lọ. Nígbà tí wọ́n béèrè nípa ilé méje, ó ní kí wọ́n lọ wo ìwé tí òun kọ kóun tó dé. Wọ́n wò ó. Ó wà níbẹ̀.

Ó jáde ní kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó pe Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n kò dáhùn. Lálẹ́ àná, Erin ti tú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ká lórí rédíò, gbogbo ìlú ti gbọ́, Ìjàpá nìkan ni orí rẹ̀ wà nínú ilé. Ọ̀wàwà ti lọ ń ké níwájú ẹlòmíràn. Ìjàpá bá fẹsẹ̀ rìn. Oòrùn ń ta. Agbádá ń wọ́, ó bọ́ ọ. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ìgbín ni. Ìgbín kò kí i. Ìgbín kọjá.

Ó dé ojú ọjà, ó rí ẹ̀rọ omi rẹ̀. Ó sáré débẹ̀, bí a bá lè pe ìyẹn ní eré. Ó yí i. Fúú! Afẹ́fẹ́. Ó rí Ọ̀bọ mẹ́ruwà.

“Bù fún mi mu.”

“Owó ẹyọ 500.”

“500 ní tìtorí kí ni?”

“Oòrùn mú.”

“O ò mọ̀ mí ni? Ojú mi ló wà lára agbè tí o gbé dání yẹn!”

Ọ̀bọ wo agbè, ó wo Ìjàpá, ó tún wo agbè. “Eléyìí ń rẹ́rìn-ín.”

Ìjàpá fi fìlà lélẹ̀. Kò tó. Ó fi bàtà lélẹ̀. Kò tó. Ó tú ẹ̀gbà ọrùn wúrà, Ọ̀bọ gbà á, ó fi eyín dán an wò, ó bu ìdajì agbè fún un. Ewúrẹ́ oníwo kan dúró lókè ọ̀hún, òun ló lé orin lọ́tẹ̀ yìí:

Olómitútù ń romi mu
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*
Ejò gbówó, inú rẹ̀ ṣófo
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*
Ta ló tilẹ̀kùn kànga wa?
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sebẹ̀, ẹ fèsì
*Kọ̀ǹkọ̀, agbè ń dún kọ̀ǹkọ̀*

Ó délé, kò bá Yánníbo. Yánníbo ti lọ síbi ìbúra kọmíṣọ́nà tuntun, iwájú ni wọ́n fi í jókòó sí. Lóru, òjíṣẹ́ Kìnnìún wá láti òdìkejì odò. Ó ní, “Kìnnìún ní kí o máa bọ̀ nínú ẹgbẹ́ tiwa. Ẹni tó bá ti wọlé, a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í.” Ìjàpá gbéra lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì wà lójú ọ̀nà báyìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n ìbò tó ń bọ̀ náà kò tíì dé.

Ẹ ó fẹ́ mọ ẹni tó gba ipò rẹ̀. Ehoro ni. Ó déwájú ilé, Ìkookò gbá tábìlì, ó ní ẹni wa ni, kó tẹrí ba, kó máa lọ. Ehoro ká etí méjèèjì lulẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ wo kànga, ó ní ó ti gbó. Òkété ṣì wà nínú ihò, kò sẹ́ni tó pè é.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí ẹ bá délé, ẹ má ṣe máa bi ara yín pé ta ni Ìjàpá. Ẹ lọ bá Ehoro, kí ẹ bi í pé kọ́kọ́rọ́ dà.